Ogójì Ìṣẹ́jú Àáyá

Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹta, a máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́,
àwa àti àsíá, àwa àti fèrè bàbà tó ti dípẹtà,
à ń béèrè òkun tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ Bòlífíà lójú ogun.
Ọmọ mẹ́rìndínlógún ni mo ń kọ́,
kò sí ìkankan nínú wọn tó fojú kan òkun rí.
Èmi olùkọ́ wọn ńkọ́? Ẹ má sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé:
èmi náà ò rí i rí.

Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó.
Mo fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ, mo ní, "Ìgbì rèé."
Clemente ní, "Tíṣà, òkè nìyẹn."
Ó jàre. Òkè ló ń rí láti ojú wíńdò.
Mo ní omi iyọ̀ ni, ó lọ salalu, kò lópin.
Wọ́n ní, "Bíi pápá iyọ̀ Uyuni?"
Pápá tó le gbagidi, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà kọjá!
Ìròyìn ò tó àfojúbà,
ìròyìn tèmi ò tiẹ̀ tó ìròyìn.

Ọjọ́rú kan ni àbúrò mi Yola, tó ń gé ẹja ní Arica,
fi fídíò kan ránṣẹ́.
Mo gun òkè ibojì lọ wá nẹ́tíwọ̀kì kí n tó rí i gbà.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rí sálúbàtà rẹ̀ kan, pupa,
lẹ́yìn náà, òun náà ló dé yẹn.
Ogójì ìṣẹ́jú àáyá péré.

Mo yá ẹ̀rọ atanwòrán ṣọ́ọ̀ṣì.
Mo ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi sára ògiri, a fi búláńkẹ́ẹ̀tì dí wíńdò.
Nígbà àkọ́kọ́, mo pa ohùn rẹ̀,
mo ní kí ojú kọ́kọ́ jẹun kí etí tó jẹ.
Nígbà kejì mo tú ohùn sílẹ̀: hùùù, ṣààà.
Wara fọwọ́ borí.
Nígbà kẹta, mo dá a dúró níbi tí omi ti ga jù,
omi kọ́ sófuurufú
bí ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ.
Mo ní, "Kí ló kàn?"
Clemente ní, "Yóò padà sílé. Ó ń mí ni, Tíṣà,
bíi láàmà tó ń sùn."

Remedios nìkan ni kò fọhùn.
Ó dìde, kò tọrọ àyè, ó jáde.
Bàbá àgbà rẹ̀ ló fà lọ́wọ́ wọlé, Evaristo,
tó pẹja lórí adágún Poopó kí adágún tó gbẹ.
Ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹrẹ̀ tó sán, ajá ń bímọ sínú rẹ̀.
Ó ṣí fìlà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé,
eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Mo tún un tàn.
Ó ní, "Tún un ṣe."
Mo tún un ṣe. Ó ní, "Tún un ṣe."
Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ọwọ́ rẹ̀ gbéra lórí itan,
ó ń da àwọ̀n tí kò sí níbẹ̀.
Òjìji ọwọ́ náà bọ́ sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, láàárín omi.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Clemente pàápàá.

Ibẹ̀ ni iná ti lọ.
Aṣọ bẹ́ẹ̀dì padà di aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tòun ti àbàwọ́n kọfí.
Nínú òkùnkùn, ẹnu bàbá là:
orúkọ ẹja mẹ́ta tí ẹnì kankan ò jẹ mọ́,
ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó pọ́n bí osùn,
afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ àti bó ṣe ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn.
Aago lù. Kò sẹ́ni tó ká búláńkẹ́ẹ̀tì.

Nínú ìwé iṣẹ́ mi, mo kọ ọ́ pé: Àkọlé, Òkun.
Ohun èlò: aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan, fídíò kan, bàbá arúgbó kan.
Ọ̀gá yóò béèrè. Kó béèrè.

Ìbéèrè tí mi ò rí dáhùn ni ti Remedios,
lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ran bàbá lọ́wọ́ láti dé fìlà:
"Tíṣà, ṣé kò sẹ́ni tó ya fídíò adágún tiwa ni?"
Mo tọwọ́ bàpò bí ẹni ń wá nǹkan.
Ṣọ́ọ̀kì nìkan ló wà níbẹ̀.